Ìlànà Ìjì àti Àtàǹpàkò Akọ̀wé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ̀gá hàn yín, torí ọ̀gá kì í fẹ́ kí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó eré ìdárayá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, kò ga, kò kúrú, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ máa ń wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó mọ̀ nípa eré sísá ju pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sá a. Àfi ìgbà tí wọ́n pè é sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣàlàyé oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ eléré kó lè yára sí i. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀gá sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra bàtà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí yẹn ló kó gbogbo wọn sí wàhálà.

Bó ṣe dé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn.

"Ẹ wò mí dáadáa!" ó ké. "Ẹni tó jáde níbí lọ́jọ́ Ajé kọ́ ló padà dé yìí! Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣí mi lórí, wọ́n ti rọ ìmọ̀ sí i títí ó fi kún, wọ́n sì ti dé e padà. Láti òní lọ, kò sí eléré tó máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé mọ́. Sáyẹ́ǹsì ni wọn yóò máa sá! Mo ti ṣe ìlànà tuntun kan, mo sì ti fún un lórúkọ. Ìlànà Ìjì!"

Igbákejì rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó pàtẹ́wọ́ títí aago fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ sinmi díẹ̀, sà," ó ń bẹ̀bẹ̀, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ọgbọ́n yìí ti pọ̀ jù fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dà nínú wa ná."

Ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni akọ̀wé jókòó sí, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ẹni tó lè lo odindi ọdún láì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nínú gbogbo ariwo yìí. Àbúrò rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà létí títì, ó sì wà lára àwọn mẹ́rin tó ń sá eré ọ̀pá fún ìlú wọn, eré tí ẹnì kan máa sá dé ibì kan, táá fi ọ̀pá lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Àbúrò yìí ló máa ń gba ọ̀pá kẹ́yìn, torí òun ló yára jù. Ìdíje ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ibẹ̀ sì ni Ilé Ẹ̀kọ́ Eléré ti máa ń mú àwọn tí wọ́n bá fẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún méjìlélógún, àbúrò sì ti pé méjìlélógún. Bí kò bá sá a lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn. Iná wẹ́dà ni yóò máa wò títí ojú rẹ̀ yóò fi di bàìbàì.

Ẹ wá gbọ́ bí Ìlànà Ìjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Láàárín oorun ọjọ́ kìíní ìpàdé yẹn, ọ̀gá ti gbọ́ fìrí pé àwọn tó ń gbára dì lórí òkè gíga máa ń yára, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Ìlú wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà jẹ́ alájà mẹ́rin. Ni ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí àwọn eléré kúrò ní pápá, kí wọ́n máa lọ sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹrin, níwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìwé ìfẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ kìíní, bàbá arúgbó kan tó wá béèrè ìwé rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, ó ní ọ̀rọ̀ ìwé òun ò kánjú, òun máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Kóòṣì. Òun ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀nà tirẹ̀ kò sì lórúkọ. Ó máa ń so táyà mọ́ wọn níbàdí kí wọ́n fà á yí pápá ká, kí itan wọn lè lágbára. Tó bá yá, á ní kí wọ́n fi gbogbo agbára sá ogójì mítà, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún sá a. Ọ̀gá wo táyà náà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Táyà?" ó ní. "Láyé tá a wà yìí? Fáìlì ni kí wọ́n máa gbé! Fáìlì wúwo, ó mọ́ tónítóní, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀."

Báyìí ni àwọn eléré ṣe di ẹni tó ń ru fáìlì láti àjà dé àjà. Àwọn òṣìṣẹ́ yin ìlànà náà gan-an, torí wọn ò gun àtẹ̀gùn mọ́. Ní ti Kóòṣì, ọ̀gá sọ ọ́ di Alábòójútó Àga Gbọ̀ngàn. Ó gba gbogbo aago tí wọ́n fi ń ka eré lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àhesọ lásán ni iye ìṣẹ́jú èyíkéyìí tí kò bá ti inú aago ilé iṣẹ́ jáde.

"Ṣé mo lè béèrè ọ̀rọ̀ kan, sà?" ni Kóòṣì wí.

"Àwọn àga ni kẹ́ ẹ lọ bi," ọ̀gá dá a lóhùn.

Ká ní ọ̀gá dúró síbẹ̀, ìtàn yìí ì bá tètè parí. Ṣùgbọ́n ó ní òun lòun ṣe ìlànà, òun náà lòun máa kọ́kọ́ fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ tọmọdé tàgbà á tò sí pápá, wọ́n á bá ọ̀gá sá ọgọ́rùn-ún mítà.

Ní ilé iṣẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í kọjá ọ̀gá. Kò sí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèyàn mẹ́wàá lè tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Wọ́n wá gbé àṣà yìí wọ pápá. Ọ̀gá á máa mí hẹlẹ níwájú, àádọ́ta òṣìṣẹ́ á máa rọra ṣe bí ẹni tó ń sáré lẹ́yìn, wọ́n á máa ké pé, "Ẹ rọra o, sà, a ò lè bá yín!" Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà gbàgbé ara rẹ̀, ó kọjá ọ̀gá. Bó ṣe rí aburú tó ṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú gbàgà, ó ń ké pé, "Yéè, ẹsẹ̀ mi!" Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi bándéèjì wé ẹsẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Akọ̀wé ni wọ́n ní kó máa di aago mú. Lọ́jọ́ kìíní, òógùn mú kí àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀, ọ̀gá sì ti sáré lọ jìnnà kó tó tẹ aago náà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá ló kà. Akọ̀wé la ẹnu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti já aago gbà.

"Mẹ́rìnlá!" ó bú ramúramù. "Àwọn ọmọ ogún ọdún ló ń sá mẹ́rìnlá!"

"Ọmọ ogún ọdún wo, sà?" ni igbákejì wí. "Ọmọ ogún ọdún á ti dákú níbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí."

Ọ̀gá gbá akọ̀wé mọ́ra, òógùn rẹ̀ sì rin aṣọ akọ̀wé gbingbin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé àga tuntun tó ń yí po wọ ọ́fíìsì akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jókòó lórí àga tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú. Lọ́jọ́ Ẹtì kejì, àtàǹpàkò rẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò, igbákejì sì yọ́ wá sọ sí i létí pé, "Má bà wá jẹ́ o." Àtàǹpàkò náà pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó di mẹ́tàlá. Ó di méjìlá. Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún ìlànà náà, ọ̀gá ti sá mọ́kànlá géérégé, ó sì ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún wọ ìpàdé bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ ni pé aago kan náà ni wọ́n fi ń ka eré àwọn eléré gidi, tí wọ́n bá wá sá ọgọ́rùn-ún mítà tiwọn ní pápá. Bí ọ̀gá bá sá mọ́kànlá, ta ló láyà láti kọ ọ́ pé wẹ́dà kan sá mẹ́wàá àti ààbọ̀? Akọ̀wé wá ń pẹ́ kó tó dá aago dúró fún àwọn ọmọ. Ó fi díẹ̀ kún ti ẹni kìíní, ó fi díẹ̀ kún ti ẹnì kejì àti ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, ẹ̀rù bà á kí wọ́n má lọ sọ pé ó ń ṣe ojúsàájú sí ọmọ ìyá rẹ̀, ló bá fi èyí tó pọ̀ jù kún tirẹ̀. Méjìlá ló kọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe mí?" ni àbúrò bi í, nígbà tí akọ̀wé lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Fóònù Kóòṣì ní mẹ́wàá àti ààbọ̀ ni mo sá láàárọ̀ yìí. Tiyín ní méjìlá. Fóònù yẹn ti fọ́ lójú, mi ò lè fi í bá aago ìjọba jiyàn."

"Bóyá ó rẹ̀ ọ́ ni," akọ̀wé ní.

"Táyà méjì ni mò ń fà báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n tó wá gbé fáìlì yín. Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n sá mọ́, ẹ sọ fún mi. Ẹ má wo ojú mi."

Akọ̀wé rí egbò tí okùn táyà dá sí i níbàdí. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ojú ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ sí i lọ́kàn nígbà yẹn ni àga tó ń yí po.

Nígbà tó ku oṣù kan kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n mú ìwé iye ìṣẹ́jú wá. Orúkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, tàwọn eléré mẹ́rin àti ti ọ̀gá fúnra rẹ̀.

"Ta ló kẹ́yìn?" ọ̀gá béèrè.

"Wẹ́dà ni, sà."

"Ṣé kì í ṣe àbúrò ẹ nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

Ọ̀gá dìde, ó gbé ọwọ́ lé akọ̀wé léjìká. "Ìdí tí mo fi fọkàn tán ẹ nìyí! Ọmọ ìyá ẹ ni, síbẹ̀ o kọ òótọ́ sílẹ̀. Yọ orúkọ ẹ̀, kó o fi tèmi sí i. Èmi ni màá gba ọ̀pá kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ o! Mo fẹ́ràn ìsinmi mi! Ṣùgbọ́n aago ti sọ̀rọ̀, kí lèmi fẹ́ sọ?"

Igbákejì bú sẹ́kún. Ó ní irú ìfara-ẹni-rúbọ báyìí, òun ò rí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.

Akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà lé orúkọ àbúrò rẹ̀. Nígbà tó lọ sọ fún un, ọmọ náà kò bínú, kò béèrè nǹkan kan. Ó ní, "Ó dáa," ó fi ìbòjú wẹ́dà bo ojú rẹ̀, ó sì tan iná.

Ìwé náà dé olú ilé iṣẹ́. Àwọn kan níbẹ̀ ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣèèṣì, àwọn kan ní ó jọ pé wọ́n ti rí oògùn àìdarúgbó. Láti mọ òótọ́ ibẹ̀, wọ́n rán olùyẹ̀wò kan wá. Ọ̀gá gbà pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ́ òun sí. Ó pa irun rẹ̀ láró, ó sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fi odindi ọjọ́ kan kọ́ ìpàtẹ́wọ́: èyí kékeré, èyí ńlá, àti èyí tí wọ́n máa fi ń mi orí bí ẹni tí ẹnu ń yà.

Obìnrin kúkúrú kan báyìí ni olùyẹ̀wò, ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká. Wákàtí kan ni ọ̀gá fi sọ̀rọ̀ ní etí pápá.

"Ẹ̀yin aṣojú olú ilé iṣẹ́," ó ń wí, "ohun tẹ́ ẹ máa rí lónìí, ẹ má sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan fáwọn tó wà nílé, kí àyà wọn má bàa já. Ẹ máa bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀!"

"Mo ti gbọ́, sà," obìnrin náà ní. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa eré. Ìwé niṣẹ́ mi. Ẹ sá a, kí ẹni tó ń di aago mú tẹ́lẹ̀ dì í mú. Ohun tí aago bá sọ ni màá kọ."

Gbogbo ojú yíjú sí àtàǹpàkò akọ̀wé. Igbákejì ṣẹ́jú sí i. Létí ọgbà pápá, Kóòṣì dúró pẹ̀lú àwọn eléré rẹ̀, ó sì ti bẹ wẹ́dà títí òun náà fi wá, ìbòjú iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Pápá lásán ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ti lé e jáde. Ọkàn akọ̀wé gbọgbẹ́. Fèrè dún, àtàǹpàkò náà sì tẹ aago lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá sá. Ẹsẹ̀ lọ, ikùn lọ, àgbọ̀n kejì sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ta kọjá okùn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìpàtẹ́wọ́ ńlá sì sọ.

"Mélòó?" ó ké.

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

Ìpàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ẹnì kan péré ló ṣì ń bá tirẹ̀ lọ lẹ́yìn, torí kò gbọ́ dáadáa.

"Aago yẹn ń ṣàìsàn!" ni ọ̀gá wí.

"Afẹ́fẹ́ ni, sà!" igbákejì ké. "Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ yìí ti ki jù! Ara yín ti mọ́ tàjà kẹrin!"

Wọ́n gbé aago mìíràn fún igbákejì. Olùyẹ̀wò rọra lọ dúró sí èjìká rẹ̀, igbákejì kò sì rí ibi gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ sí. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá ní pápá ti gùn sí i láàárín òru. Wọ́n gbé tépù wá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ di etí kan mú. Ọgọ́rùn-ún mítà ló pé, kò dín, kò lé. Ó tún sá a nígbà kẹta, tàbí ká sọ pé ó rìn ín. Mẹ́rìndínlógójì. Ó jókòó sórí koríko gbọ̀ọ̀.

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, kò sóhun tó ṣe aago. Èmi ni. Mo máa ń pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Látọjọ́ kìíní, sà. Tàwọn ọmọ yìí náà, mo máa ń fi kún un."

Ọ̀gá fa koríko kan tu. "Ọjọ́ tí òjò ń kán yẹn ńkọ́?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Tí mo sá méjìlá. Ara mi fúyẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ ti dé ìdajì pápá, sà, kí n tó tẹ̀ ẹ́."

Ẹ má bínú, àánú rẹ̀ ṣe mí níbẹ̀. Àádọ́ta èèyàn ló sọ fún un pé ó yára, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ̀ débi táá fi kọjá rẹ̀ lórí pápá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í jẹ́ kí àánú rẹ̀ pẹ́ lára èèyàn. Ó fò dìde, ó ní, "Mo lé gbogbo yín kúrò níṣẹ́!"

"Ẹ jókòó, sà," ni olùyẹ̀wò wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mi ò tíì kọ̀wé tán."

Igbákejì ti sún ìṣísẹ̀ mẹ́ta kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura, mà," ó ń sọ fún obìnrin náà. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì."

Wọ́n dá aago padà fún Kóòṣì, wọ́n sì ní kí àwọn eléré sáré. Wẹ́dà sá mẹ́wàá àti ààbọ̀, orúkọ rẹ̀ sì padà sínú ìwé lójú gbogbo wọn. Àwọn tó kù ń gbé e sókè. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé pé kí ọ̀gá lọ máa sinmi nílé, kó má sì padà. Wọ́n gbé akọ̀wé lọ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, níbi tó ti ń kọ orúkọ àwọn àlejò. Gbogbo ìyẹn kò dùn ún tó ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ fún un nígbà tí ìdíje ku ọ̀la.

"Oṣù méjì lẹ fi ń kọ méjìlá yẹn fún mi," ọmọ náà ní. "Oṣù méjì ni mo fi gbà pé mi ò wúlò mọ́."

"Jọ̀ọ́, má bínú," akọ̀wé ń sunkún. "Jọ̀ọ́, àbúrò mi."

"Mi ò bínú mọ́. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ẹ wá wò mí lọ́la. Ṣùgbọ́n tí mo bá sá a tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa. Mi ò ní mọ bí mo ṣe máa gbà á gbọ́."

Akọ̀wé lọ, ó jókòó ní ìlà iwájú, ẹ̀gbẹ́ bàbá kan tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí ọ̀pá fi máa dé ọwọ́ wẹ́dà, ẹni méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó kọjá ẹni kìíní. Ó kọjá ẹnì kejì bí ẹni pé onítọ̀hún dúró gba ìkíni. Gbogbo pápá dìde, àwọn ará Ilé Ẹ̀kọ́ Eléré sì ti ń béèrè orúkọ rẹ̀.

Ó rìn wá sétí ọgbà, ó ń mí gúlegúle, ó dúró níwájú àwọn méjèèjì. Bàbá àjèjì yẹn ló dojú kọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "báwo ni mo ṣe sá a?"

"Áà, ọmọ mi! O yára! Mi ò rí irú ẹ̀ rí!"

Ọmọ náà wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí akọ̀wé kò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ ló wà lẹ́nu akọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn ò bi í.